Ohun tí mo ti kọ́ níbi tí àwọn àgbà ti ń pàdé l'Óṣogbo

Tí ẹ bá dárúkọ ibùdó àwọn àgbà fún ọmọ Yorùbá, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni pé wọ́n fẹ́ lọ gbé ìyá tàbí bàbá ẹni jù síbì kan. Àìmọye ìgbà ni wọ́n ti bi mí, "Nọ́ọ̀sì, ilé àwọn arúgbó lẹ fẹ́ kó màámi lọ? Ṣé àwa ọmọ wọn ti kú ni?" Mi ò kì í bá wọn jà torí mo mọ ibi tọ́rọ̀ yẹn ti ń wá, bí òkété bá dàgbà ọmú ọmọ ẹ̀ ló ń mu, kò sẹ́ni tó fẹ́ kí aráyé máa nàka sí òun pé ẹ wo ẹni tó lé ìyá ẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n ibi tí mò ń sọ yìí, àárọ̀ ni wọ́n ń wá, tọ́wọ́ ọ̀sán bá ti lé kálukú ti ń gba ilé ẹ̀ lọ. Kò sí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀. Gbọ̀ngàn àdúgbò ni, àga wà níbẹ̀, omi wà, àwa mélòó kan tá a yọ̀ǹda ara wa náà wà. Ọmọ tó ń tọ́jú màmá ẹ̀ dáadáa gan-an, tó bá di aago méje àárọ̀ ó ti wà lọ́nà ibi iṣẹ́, àwọn ọmọ-ọmọ ti lọ sílé ìwé, màmá á wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà látàárọ̀ dalẹ́, tí kò ní sẹ́ni tí wọ́n máa bá sọ̀rọ̀ ju ẹni tó ń polówó búrẹ́dì lọ. Àárín ìgbà yẹn là ń mójú tó.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọ̀rọ̀ BP, ìyẹn ìfúnpá, ni wọ́n kọ́kọ́ pè mí sí, mo sì rò pé tí mo bá ti wọn BP tán mo ti ṣe tèmi, kò pé tí mo fi rí i pé iṣẹ́ ibẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ Túsìdeè àti Tọ́sìdeè la mú, torí Fúráìdeè ni Jímọ̀, Sọ́ńdè ni ṣọ́ọ̀ṣì àti àsàlátù, Wẹ́sìdeè náà àwọn kan ní ìpàdé àdúrà. Òṣogbo ni ibí, Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì àti àwọn tó wọ ìlẹ̀kẹ̀ Ọ̀ṣun sọ́rùn, bẹ́ńṣì kan náà ni wọ́n jọ ń jókòó lé. Àdúrà tá a fi ń bẹ̀rẹ̀, a máa ń yí i ká ni, ẹni tó bá kàn ló máa gbà á bó ṣe mọ̀ ọ́n gbà, àwọn yòókù á ṣe àmín tàbí àṣẹ. Kò dá ìjà sílẹ̀ rí.

Ẹ jẹ́ n sọ ti BP yẹn kí n tó gbàgbé, torí mo ń rí ohun tí wọ́n ń ṣe níbòmíì. Àgbà á fẹsẹ̀ rìn wá látìsàlẹ̀, á gun òkè, kò tíì mí kanlẹ̀ tí ẹnì kan á ti so máàṣín mọ́ ọn lápá lórí aṣọ òkè tó wọ̀, wọ́n á tún máa bá a tàkùrọ̀sọ, máàṣín á wá gbé nọ́ńbà gíga jáde, ẹ̀rù á ba màmá, BP á tún fò sókè sí i. Kí wọ́n kọ́kọ́ lọ tọ̀, kí wọ́n jókòó jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ̀yìn wọn fara ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ́ pẹrẹsẹ sílẹ̀, kí wọ́n gbé apá lé tábìlì kó bá àyà dọ́gba, kí gbogbo èèyàn dákẹ́. Tó bá wá jẹ́ 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tá a tún wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ mìíì tí kò yí padà, ó di kí wọ́n lọ rí dókítà. Èyí tó tún burú jù ni àwọn tó ti ní oògùn tẹ́lẹ̀ tí wọ́n dá a dúró fúnra wọn. "Nọ́ọ̀sì, ara mi ti yá, mi ò lò ó mọ́." Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dunni, ara lè yá gágá kó tó di pé rọpárọsẹ̀ dé, oògùn yẹn gan-an ló ń mú kára yá. Ẹnu mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bó lórí ọ̀rọ̀ yìí, mi ò sì ní yéé sọ ọ́.

Nǹkan kan wà tí ẹnikẹ́ni ò kọ sínú ìwé ètò nígbà tá a bẹ̀rẹ̀, tọ́ìlẹ́ẹ̀tì. A rí i pé àwọn ìyá kan máa ń wá lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á gbádùn ara wọn, a ò tún ní rí wọn mọ́. Àwọn tó sì ń wá, tá a bá gbé omi fún wọn wọ́n á ní rárá òùngbẹ ò gbẹ àwọn. Lóòótọ́ bọ́jọ́ orí bá ti ń lọ òùngbẹ kì í gbẹ èèyàn bíi tàtijọ́ mọ́ bí ara bá tiẹ̀ nílò omi, ìyẹn wà níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe òun nìkan. Màmá kan ló wá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ tí wọ́n sọ ọ́ sí mi létí pé ọmọ mi, tí mo bá mu omi màá tọ̀, tọ́ìlẹ́ẹ̀tì yín yìí ìlòṣó ni, tí mo bá lòṣó mi ò lè dìde, ta ni kí n wá pè síbẹ̀ kó wá gbé mi? Ìyá yẹn ò mu omi látàárọ̀, wọn ò sì mu oògùn BP wọn lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, torí oògùn yẹn irú èyí tó ń mú èèyàn tọ̀ ni. Ẹ wò ó, ibi tá a ti ń sọ pé a fẹ́ tọ́jú BP, àwa gan-an la sọ ọ́ di pé wọn ò lo oògùn. A dá owó jọ, a ra èyí tí wọ́n ń jókòó lé, wẹ́dà bá wa jó irin mọ́ ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì tí wọ́n lè dì mú dìde, a ju búlọ́ọ̀kù tó wà lẹ́nu ọ̀nà dànù, a sì fi gílóòbù tó mọ́lẹ̀ dáadáa síbẹ̀. Owó ẹ̀ ò tó owó àpò ìrẹsì mélòó kan. Àwọn tó ti sá lọ padà wá, omi ti wá ń tán nínú kúlà.

Ẹ wá jẹ́ n sọ ti Ìyá Aláró.

Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni wọ́n máa ń jókòó sí, wọ́n á jẹun, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á lọ. Ẹ̀sásáìsì, wọn ò ṣe. Orin, wọn ò gbè. A kàn rò pé bí tiwọn ṣe rí nìyẹn. Ọjọ́ kan ọmọbìnrin kan tó máa ń bá wa pín oúnjẹ wọ aṣọ tó fi àdìrẹ ṣe bátànì, èyí tí wọ́n fi máàṣín tẹ̀, ó ń kọjá lọ ni Màmá bá na ọwọ́ mú etí aṣọ yẹn, wọ́n fi àtàǹpàkò ra á, wọ́n yẹ ẹ̀yìn ẹ̀ wò, wọ́n ní, "Èyí ò mọ aró rí." Ọmọ yẹn ní Màmá, ẹ̀yin mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni? Wọ́n wò ó báyìí. Wọ́n ní kó lọ ra tẹ́rù funfun wá, kó ra láfún, kó ra álọ́ọ̀mù díẹ̀, kó sì bá àwọn wá ìyẹ́ adìyẹ tó lé dáadáa.

Gbogbo wa la pagbo lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é. Wọ́n fi láfún àti álọ́ọ̀mù po ẹ̀kọ lórí iná, wọ́n sẹ́ ẹ títí kò fi ní kókó kankan. Ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́, nítorí náà wọn ò lo rúlà, ìka ni wọ́n fi wọn aṣọ, wọ́n ṣẹ́ ẹ po ní igun mẹ́rin mẹ́rin títí ó fi di ilé-ilé, wọ́n ti ìyẹ́ bọnú ẹ̀kọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fà á. Ọwọ́ wọn máa ń gbọ̀n tí wọ́n bá gbé ife tíì, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n bí ìyẹ́ yẹn ṣe kan aṣọ ìlà ń lọ gbọọrọ ni. Ẹja, ewé, ẹyẹ. Tí wọ́n bá parí ilé kan wọ́n á fẹ́ ẹ lẹ́nu díẹ̀ kí wọ́n tó kan ìkejì. Wọ́n ń sọ̀tàn bí wọ́n ṣe ń fà á lọ, ìtàn Láróòyè àti Tìmẹ́hìn tó tẹ Òṣogbo dó, bí àwọn ọdẹ ṣe gé igi tó wó lu odò tí Yèyé Ọ̀ṣun fi ké pé wọ́n ti fọ́ gbogbo ìkòkò aró òun. Àwọn ọmọ kan níbẹ̀ ti lọ wo ọdún Ọ̀ṣun nínú oṣù kẹjọ lọ́pọ̀ ìgbà, wọn ò gbọ́ ọ̀rọ̀ ìkòkò aró yẹn lẹ́nu ẹni tó pa aró rí. Ọjọ́ tí wọ́n rẹ ẹ́, aṣọ yẹn jáde ní àwọ̀ ewé, àwọn ọmọ ní ó ti bàjẹ́, Màmá ní kí wọ́n sá à wò. Bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́ sí i ló ń di búlúù lójú wa. Nígbà tó gbẹ tí wọ́n ha ẹ̀kọ kúrò, ibi tí ìyẹ́ gbà wà níbẹ̀ rederede.

Láti ìgbà yẹn Màmá kì í pa ibẹ̀ jẹ. Ọmọ wọn obìnrin ló sọ fún mi pé tẹ́nì kan bá béèrè ibi tí wọ́n ń lọ lójú ọ̀nà, wọ́n á ní, "Mò ń lọ síbi iṣẹ́." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára gan-an. Ó yí gbogbo bá a ṣe ń ṣe nǹkan padà. Ìbéèrè tá a fi ń gba èèyàn wọlé báyìí, kì í ṣe àìsàn wo ló ń ṣe yín nìkan, a máa ń bi wọ́n pé iṣẹ́ wo lẹ mọ̀ ọ́n ṣe. Bàbá kan ti ṣe tíṣà rí, àwọn ló ń bá wa ka lẹ́tà fẹ́ńṣàn àti lẹ́tà bánkì fáwọn tí ò lè kàwé. Ìyá kan mọ oríkì bíi kí wọ́n máa kà á nínú ìwé, àwọn ìyàwó ilé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ máa ń gbọ́mọ wá sọ́dọ̀ wọn. Ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ ò ṣe nǹkan kan mọ́ tẹ́lẹ̀ ti ń já ẹ̀fọ́, ti ń ṣa ẹ̀wà. A máa ń rò pé ìsinmi ni àgbà ń fẹ́, wọ́n ń fẹ́ ìsinmi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó ń pa wọ́n kí ọlọ́jọ́ tó dé ni kó dà bíi pé kò sẹ́ni tó tún nílò wọn fún ohunkóhun.

Àwọn ọkùnrin ló nira láti fà jáde. Obìnrin, tí ẹnì kan bá ti wá á mú ọ̀rẹ́ méjì dání. Ọkùnrin tó ti fẹ̀yìn tì, inú yàrá ló máa wà pẹ̀lú rédíò, pàápàá tó bá ti ṣe ọ̀gá níbi iṣẹ́, ó máa rò pé ibi tí wọ́n ti ń kọrin tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ ò yẹ òun. Ọpọ́n ayò ló yanjú ìyẹn. A gbé ọpọ́n sábẹ́ igi níta, ihò 12, ọmọ ayò 48, a fi bẹ́ńṣì méjì sí i, a ò pe ẹnikẹ́ni. Bàbá kan tó ń kọjá lọ dúró wò, ó ní eléyìí ò mọ̀ ọ́n ta, ó jókòó. Ọjọ́ kejì wọ́n mú ẹlòmíì wá kó wá jẹ́rìí. Ẹ ò lè gbọ́ ariwo ibẹ̀ kí ẹ mọ̀ pé àwọn tó ń pariwo yẹn, òmíì ti pé ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún. Torí ayò tó ń mú wọn wá yẹn la fi ń rí BP wọn wọ̀n.

Fóònù náà gba àsìkò gan-an. Ọmọ wà ní Èkó, ọmọ wà ní Kánádà, ọmọ ra fóònù ńlá ránṣẹ́, màmá sì ń fi aṣọ dì í sísàlẹ̀ àpótí. Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹni tó ń kọ́ àgbà ní fóònù ò gbọ́dọ̀ já a gbà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀dọ́ ò ní sùúrù, ó máa gbà á, á tẹ̀ ẹ́ pá pá pá, á ní "Màmá ó ti ṣí," màmá ò sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìka tiwọn ni kó tẹ̀ ẹ́ bó bá tiẹ̀ gba ìdajì wákàtí. Ìka àgbà sì máa ń gbẹ, ojú fóònù míì kì í gbọ́ ọ, wọ́n á rò pé àwọn ni ò mọ̀ ọ́n, kí wọ́n fi omi ra ìka díẹ̀ kí wọ́n nù ún ló kù. Lọ́jọ́ tí màmá kan kọ́kọ́ rí ojú ọmọ-ọmọ wọn lórí WhatsApp, ńṣe ni wọ́n kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń dúpẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ìyẹn la ti ń kọ́ wọn ní ti àwọn gbájúẹ̀, ẹni tó bá pè pé bánkì lòun ti ń pè, tó ní kẹ́ ẹ ka nọ́ńbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù yín fún òun, olè ni, ẹ má bá a jiyàn, ẹ kàn gé ìpè náà.

Ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn mi jù nìyí o. Bàbá kan wà tí àwọn ará ilé wọn ti fi sílẹ̀ pé orí wọn ti dàrú, tí wọ́n bá béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ wọn ohun mìíì ni wọ́n máa fi dáhùn. Mo sún mọ́ wọn, mo sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n lè máa wo ẹnu mi, wọ́n dá mi lóhùn ṣáká. Etí ni. Wọ́n gbé wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń wo etí, ìdọ̀tí tó ti dì pa sínú etí ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Bàbá táwọn èèyàn ti ń ṣàánú fún bẹ̀rẹ̀ sí dá sí ọ̀rọ̀ òṣèlú. Ti ojú náà bẹ́ẹ̀, ojú tó ń ṣú bíi pé kùrukùru bò ó, iṣẹ́ abẹ kékeré ló ń yanjú katarátì, ọ̀pọ̀ ló sì ń jókòó sílé tí wọ́n ń wá ẹni tó ń ṣe àwọn.

Ti ìyá ló máa ń léwu jù. Ìyá tó bá ń gbàgbé nǹkan, tó ń rìn kiri lóru, tó ń bá ara ẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ẹ tó pajú pẹ́ wọ́n ti ní àjẹ́ ni, ó ti ń jẹ́wọ́. Àìsàn inú ọpọlọ ni ìgbàgbé tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó ń ṣe ọkùnrin, ó ń ṣe obìnrin, ó ń ṣe òyìnbó. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́wọ́ lé ìyá yín nítorí ẹ̀. Tó bá sì wá jẹ́ pé láàárín ọjọ́ kan méjì ni orí àgbà tó pé tẹ́lẹ̀ ṣàdédé dàrú, tí ò dá ọmọ ẹ̀ mọ̀ mọ́, ẹ má gbé e lọ sórí òkè àdúrà kẹ́ ẹ tó dé ọsibítù, ó lè jẹ́ ibà, ó lè jẹ́ àrùn ojú ìtọ̀, ó lè jẹ́ pé omi ò sí lára, wọ́n lè tọ́jú gbogbo ẹ̀ tí wọ́n bá tètè rí i.

Oúnjẹ ò fi bẹ́ẹ̀ le. Mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ, àmàlà tí ò pọ̀ pẹ̀lú gbẹ̀gìrì, èso tí wọ́n lè jẹ láìní eyín. Iyọ̀ la ń bá jà, torí iyọ̀ tó yẹ kí èèyàn jẹ lóòjọ́ ò ju bíi ṣíbí tíì kan lọ, Maggi náà sì níyọ̀ nínú.

Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023 tí owó kẹ̀kẹ́ Màrúwá gbéra, àwọn èèyàn wa dín kù lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe pé wọn ò fẹ́ wá. Ọlọ́kẹ̀kẹ́ kan ní àdúgbò tí ìyá ẹ̀ ń wá sọ́dọ̀ wa ló ní òun á máa kó mẹ́ta mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n dá owó epo nìkan fóun. Tí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, à bá ti tì í pa.

Àwọn tó fẹ́ ṣàánú náà wà, a kì í lé wọn, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n ń gbà á ló ń dùn mí. Wọ́n á kó àgbà jọ sínú oòrùn látàárọ̀ nítorí ìrẹsì ike kan, wọ́n á ní kí wọ́n gbé e sókè kí àwọn ya fọ́tò. Àgbà tó ti bọ́ odidi ìdílé rí! A ti fi òfin sílẹ̀ báyìí, kò sẹ́ni tó ń ya fọ́tò láìtọrọ, ẹni tó bá fẹ́ fúnni ní nǹkan kó jókòó bá wọn jẹun kó gbọ́ ohun tí wọ́n nílò. Àwọn kan ti bínú lọ. Kó lọ bẹ́ẹ̀.

Ìjọba náà ní tiwọn láti ṣe. Nígbà tí Arẹ́gbẹ́ṣọlá jẹ́ gómìnà Ọ̀ṣun, ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní Àgbà Ọ̀ṣun, 10,000 náírà lóṣù fún àwọn àgbà tí ò ní olùrànlọ́wọ́, mo mọ ohun tí owó yẹn ń ṣe nígbà yẹn, ó ń ra oògùn. Òfin tó dá National Senior Citizens Centre, ibùdó ìjọba àpapọ̀ fún ọ̀rọ̀ àwọn àgbà, sílẹ̀ ti wà láti 2017, ohun tó kù ni kó sọ̀ kalẹ̀ dé wọ́ọ̀dù wa. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún àwọn àgbà, ó bọ́ sí ọjọ́ òmìnira wa, pẹ̀réètì ni gbogbo èèyàn ń wò. Ọjọ́ yẹn náà là ń gbé oúnjẹ lọ bá àwọn tí ò lè jáde mọ́.

Àwọn ìyẹn gan-an pọ̀. Òmíì wà nínú ilé ńlá tí ọmọ kọ́ láti òkè òkun, géètì ga, ajá wà níbẹ̀, ọmọ ọ̀dọ̀ kan ló wà pẹ̀lú wọn, ó lè pé ọ̀sẹ̀ kí ẹgbẹ́ wọn tó fojú kàn wọ́n. Ẹni tí ò bá wá lẹ́ẹ̀mejì léra, ẹnì kan gbọ́dọ̀ dé ilé ẹ̀, àwọn àgbà fúnra wọn ló sì ń pín ara wọn lọ, torí wọ́n mọ ohun tí wọ́n máa bi ara wọn tí èmi ò ní lè bi wọ́n.

Tí ẹ bá fẹ́ mú àgbà yín wá fún ìgbà àkọ́kọ́, yálà lọ́dọ̀ wa tàbí ibòmíì tó jọ bẹ́ẹ̀, gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò ni kẹ́ ẹ kó sínú náílọ́ọ̀nù kan wá, àgbo wà nínú ẹ̀, oògùn ara ríro tí wọ́n ń tà nínú bọ́ọ̀sì náà wà nínú ẹ̀, torí ìyẹn lè ba kíndìnrín jẹ́ kó sì gbé BP sókè. Ẹ kọ nọ́ńbà ọmọ tó sún mọ́ tòsí sínú ìwé, kì í ṣe ti Kánádà. Ẹ fi aṣọ ìpààrọ̀ kan sí i. Ẹ sì bá wa jókòó díẹ̀ lọ́jọ́ yẹn kẹ́ ẹ tó lọ síbi iṣẹ́, kí wọ́n lè rí i pé a mọ ara wa.